Ihò Mẹ́fà Tí Olúbáyọ̀ Gbẹ́ Sórí Tábìlì Bàbá Ignace

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ sí ààfin wa lánàá, ọkùnrin mẹ́fà ló sì gbé e wọlé, nítorí pé tábìlì ni. Wọ́n gbé e láti òpópónà kejì, ní Anoumabo, ní Abidjan níbí, wọ́n gbé e kalẹ̀ sí àgbàlá Kábíyèsí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní òun gan-an ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Èmi ni akọ̀wé ààfin. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí sílẹ̀, ọwọ́ ń ro mí, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé ṣé mo ti jẹun. Ààfin tí mo ń wí yìí, pálọ̀ Ọba Akíntáyọ̀ ni, Ọba àwa Yorùbá àdúgbò yìí, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó sì ń ta táyà lójúde. Ìyálọ́jà Fàósátù jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ooru mú. Mo ṣí ìwé.

Olùpẹjọ́ ni Bàbá Ignace, ọmọ Kétu, atún-fíríìjì-ṣe, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Kékeré ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá sí Abidjan.

"Kábíyèsí, wọ́n ti pa bàbá mi."

"Nígbà wo?"

"Dimanche, ọjọ́ Àìkú tó kọjá."

"Bàbá rẹ tó kú lọ́dún 1974?"

"Òun náà ni."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ṣàlàyé," Kábíyèsí ní.

"Káfíńtà ni bàbá mi. Ó bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ ní Plateau, ó rí biyáàdì tí wọ́n ń gbá lọ́hùn-ún, ó padà wálé, ó fi igi ìrókò ṣe tirẹ̀. Tábìlì yìí ni. Òun nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi láyé. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, Kábíyèsí. Èèyàn á gbá tirẹ̀ kó lọ kan méjì tó kù. Ó parí. Kò ní ihò. Kò ní ihò rí. Irú tábìlì yẹn kì í ní ihò!"

Ìyálọ́jà Fàósátù na ọrùn wo tábìlì.

"Mo rí ihò," ó ní.

"Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, Ìyálọ́jà!"

"Mẹ́fà ni."

"Ẹ má kà á sí mi létí mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Kábíyèsí ní kó mu omi. Ó mu omi.

"Ta lẹ jọ ń gbá a?"

"Èmi àti Marcel, ọ̀rẹ́ mi, télọ̀ tó wà lẹ́yìn mi yìí. Gbogbo dimanche, lẹ́yìn ìsìn, depuis quatre-vingt-sept, láti ọdún 1987."

Ọdún 2009 la wà, ọdún méjìlélógún nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi, kò sẹ́ni tó bá mi ṣe é.

"Ta ló sì máa ń borí?"

Bàbá Ignace wo ilẹ̀. "Marcel."

"Nígbà gbogbo?"

"Nígbà gbogbo, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n Marcel ń padà sí Kétu lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ó ń lọ pátápátá. Ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé fún un níbẹ̀. Dimanche yẹn nìkan ló kù tá a máa gbá a. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń dá gbá a láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kí n nà án, kó tó lọ, kí n lè sọ pé mo nà án. Ẹ̀ẹ̀kan!"

Ó jókòó láìsẹ́ni tó ní kó jókòó, a sì fi í sílẹ̀.

Wọ́n pe olùjẹ́jọ́. Olúbáyọ̀ ni, káfíńtà láti Èjìgbò, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló tíì lò ní Abidjan, ilé Bàbá Ignace ló sì wọ̀ sí, torí ìjọ kan náà ni wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀, mo rò pé ó ti sùn.

"Dìde. Kí lo ní í sọ?"

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Mo wá gba ọpẹ́ mi ni."

Mo gbójú kúrò lórí ìwé.

"Ọpẹ́ kí ni?" Ìyálọ́jà bi í.

"Ọpẹ́ iṣẹ́ tí mo ṣe, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Èjìgbò, èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń gbá súnúkà. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, mo gbá a ní Cotonou. Tábìlì wọn ti fì sápá ilẹ̀kùn, mo fi òkúta sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo nà wọ́n. Mo gbá a ní Lomé. Bọ́ọ̀lù wọn ò ní nọ́ńbà, pupa àti yẹ́lò lásán ni. Mo bi wọ́n pé èwo ni tèmi, mo nà wọ́n. Ní Accra, ihò wọn há débi pé bọ́ọ̀lù ní láti tọrọ àyè. Mo nà wọ́n. Tábìlì àjèjì kì í dẹ́rù bà mí. Ohun tí wọ́n bá ṣe kù díẹ̀ káàtó, mo máa ń bá wọn tún un ṣe ni."

"O wá dé Abidjan."

"Mo dé Abidjan, Kábíyèsí. Mo ṣí aṣọ lójú tábìlì Bàbá. Kò síhò! Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ pa aṣọ aláwọ̀ ewé orí rẹ̀, bóyá wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni. Kò síhò."

"Kí lo wá rò?"

"Mo rò pé káfíńtà kú sórí iṣẹ́."

Bàbá Ignace pariwo. Wọ́n ní kó dákẹ́.

"Nínú ẹgbẹ́ káfíńtà tiwa ní Èjìgbò," Olúbáyọ̀ ń bá a lọ, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, "bí ọ̀gá kan bá kú, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì parí, ẹni tó bá kọ́kọ́ bá iṣẹ́ náà pàdé ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun títí tó fi máa parí. Mo mú ayùn nígbà tí Bàbá lọ sí ìsìn. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Nígbà tí Bàbá wọlé, tó rí i ńkọ́?"

"Wọ́n bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n má dúpẹ́."

Mo fi bíró sílẹ̀ díẹ̀, mo nu ojú mi, mo tún gbé e.

Wọ́n pe Marcel gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, fìlà rẹ̀ mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì sápò. Ìyálọ́jà ní kó yọwọ́ lápò níwájú Ọba. Ó yọ ọ̀kan.

"Níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò?"

"Ìsìn, Kábíyèsí."

"Ignace, ṣé o rí i?"

"Mi ò rí i. Ó ní ẹ̀yìn lòun jókòó sí."

"Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí," Marcel ní.

"Kí ni pásítọ̀ wàásù lé lórí?"

Marcel ronú. "Sùúrù."

"Kò sí ìwàásù," Bàbá Ignace ní jẹ́jẹ́. "Ohùn pásítọ̀ ti lọ. Orin la kọ títí tá a fi jáde."

"Nínú orin náà," Marcel ní, "mo gbọ́ sùúrù."

Kábíyèsí ní kí wọ́n pe Pélagie, tá a ń pè ní Màmá Déborah, ìyàwó Bàbá Ignace, tó ń ta àtiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, àti ẹja díndín lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ẹja wà lórí iná lọ́jọ́ yẹn, kò lè lọ sí ìsìn.

"Màmá Déborah, kí lo rí?"

"Mo rí gbogbo ẹ̀, Kábíyèsí. Àkọ́kọ́ ná, irọ́ ni pé kò jẹun. Abọ́ àtiéké méjì ló jẹ! Pẹ̀lú ẹja!"

"Ìpanu nìyẹn," Olúbáyọ̀ ní.

"Ta ló ń ṣe ìpanu? Ìwọ ọmọ yìí! Abọ́ méjì!"

"Màmá Déborah," Kábíyèsí ní, "tábìlì."

"Ẹ má bínú, Kábíyèsí. Mo gbọ́ ayùn, mo wọlé. Mo ní, ta ló ní kó o gé e? Ó ní Papa Marcel ni. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí Papa Marcel. Òun ló di tépù mú, mi ò sì fẹ́ tú ọ̀rẹ́ ká, ni mo ṣe dákẹ́ títí dòní."

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí Marcel.

"O di tépù mú?" Ìyálọ́jà ní.

"Mo ń sọ fún un pé kó má gé e."

"O wá ń fi tépù sọ ọ́?"

"Bàbá Marcel ló fi yé mi," Olúbáyọ̀ ní, ẹnu yà á. "Mo bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni ọ̀gá kú láìparí iṣẹ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ńlá ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ti àárín fẹ̀ díẹ̀ sí i."

Bàbá Ignace dìde. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

"Marcel. Ìwọ?"

Marcel yọ ọwọ́ kejì nínú àpò. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n rìrì. Kò sẹ́ni tí ò rí i.

"Láti ìgbà òjò ni," ó ní. "Ó ń burú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ilé tó wà ní Kétu, ọmọ ló kọ́ ọ. Oúnjẹ tí mo fẹ́ jẹ níbẹ̀, ọmọ ló máa rà á. Iṣẹ́ mi ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mú lọ sílé tó jẹ́ tèmi ni pé Ignace ò nà mí rí. Mo sì mọ̀ pé tá a bá gbá a lọ́jọ́ dimanche yẹn, ó máa nà mí."

"O ò ṣe sọ fún mi?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ìwọ?"

"Yàkó, pẹ̀lẹ́, Papa Marcel," Pélagie ní lábẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló tú u fó.

Kábíyèsí dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó yí tábìlì náà po. Ó ki ìka bọ ihò kan. Ó bẹjú wo abẹ́ rẹ̀.

"Olúbáyọ̀, igi tó o gé jáde dà?"

Olúbáyọ̀ mú àpò kan wá. Igi róbótó mẹ́fà wà níbẹ̀, ó ti họ wọ́n dán, ó ti kùn wọ́n.

"Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ìdérí ife fún Màmá ni."

"Iṣẹ́ rẹ mọ́," Kábíyèsí ní. "Ibi tó ti burú nìyẹn. Akọ̀wé, kọ ìdájọ́. Olúbáyọ̀ yóò dá igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí ibi tó ti gé wọn, yóò lẹ̀ ẹ́, yóò ra aṣọ tuntun bò ó, títí ọwọ́ mi ò fi ní mọ ibi tí ihò wà. Kó tó parí, kò gbọdọ̀ gbá súnúkà nílùú kankan. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró wòran. Tẹ́nì kan bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kó dìde níbẹ̀."

Ojú Olúbáyọ̀ rẹ̀wẹ̀sì fúngbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ní ti Marcel. Marcel, o ò lọ sí Kétu lọ́jọ́ Sátidé. O ò lọ ní Sátidé kankan. Ọjọ́ tí Ignace bá nà ọ́ lórí tábìlì yìí, láìsí màgòmágó, ọjọ́ náà gan-an lo máa di ẹrù rẹ. Kó tó dìgbà yẹn, o ò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè Noé."

"Kábíyèsí! Ọmọ mi ń retí mi!"

"Ignace ni kó lọ bẹ̀. Ẹ kó bọ́ọ̀lù jáde. Ẹ gbá a níbí, kí gbogbo wa rí i."

"Kábíyèsí, ihò ṣì wà níbẹ̀," Ìyálọ́jà ní.

"Olúbáyọ̀ máa wọ abẹ́ rẹ̀, á máa fi ọwọ́ ti igi náà sókè."

"Kábíyèsí, ọwọ́ méjì ni mo ní. Ihò mẹ́fà ni."

"Ṣé o ò ní orí ni?"

Ó wọ abẹ́ tábìlì. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá kọrí sí, a ó gbọ́ tó ń fi orúnkún wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù yára jù ú lọ, tó sì bà á lórí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ààfin ni.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mẹ́wàá ló borí. Ọwọ́ Marcel gbọ̀n, ọ̀pá gbọ̀n, bọ́ọ̀lù lọ síbi tó wù ú. Mẹ́rin ló ní, ó dúró síbẹ̀. Bàbá Ignace ń gbá a kan méjèèjì tẹ̀ léra, tẹ̀ léra, oṣù mẹ́ta ọ̀hún ò ṣòfò rárá, títí ó fi dé mẹ́sàn-án.

Ó ku ẹyọ kan.

Bọ́ọ̀lù méjì tó fẹ́ gbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú rẹ̀ gan-an. Èmi tí mi ò di ọ̀pá mú rí, mo lè gbá a. Marcel ti ń tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Ignace bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó wojú Marcel. Ó tún nàró, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó gbá a.

Bọ́ọ̀lù náà gba àárín tábìlì kọjá, kò fara kan èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó lọ kan etí, ó padà, ó dúró. Mo tún un wò. Ó tàsé pátápátá.

"Tábìlì yìí ti di àjèjì sí mi," Bàbá Ignace ní. "Ihò yẹn ló bà á jẹ́."

"Èmi ni mo di ihò yẹn mú o!" Olúbáyọ̀ ké lábẹ́ tábìlì. "Kò sí ihò níbi tó gbà!"

"Dákẹ́ síbẹ̀," Kábíyèsí ní. "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé ó tàsé."

Mo kọ ọ́.

Bàbá Ignace fi ọ̀pá ti ògiri. "Ó di dimanche," ó ní fún Marcel.

Marcel wo bọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀ ní Kétu níṣojú wa. Ó ní kó wá ẹni tí yóò máa gbé ilé náà ná, nítorí pé Ignace ò mọ biyáàdì í gbá, kò sì jọ pé yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́.