Couch Potato ní Pópó Yemọja

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé mo máa ń sùn títí di ọ̀sán! Ẹ fẹ́ ba ìgbéyàwó mi jẹ́!"

Abdulmajeed tó ń tún fóònù ṣe ní Bẹẹrẹ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí Waliyat, ọmọ Yemetu tó fẹ́ fi ṣaya, ti wá wádìí ìwà ẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Àtọ́kẹ́, ará ilé wọn ní Pópó Yemọja, láàárọ̀ yẹn. Màmá ń bó ẹ̀gúsí, kò tiẹ̀ wòkè.

"Wọ́n bi mí, mo dáhùn. Ṣé kí n ní o máa ń jí kírun àsùbáà ni?"

Ó ká Majeed lára. Ta ló láyà àtibú àgbà ní Yorùbá? Ló bá sá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó jọ lórí fóònù.

"Couch potato ni yín, mà!"

"Túmọ̀ ẹ̀, kí n lè mọ bí mo ṣe máa bínú tó."

"Ẹni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń jẹun, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n!"

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́un."

"Èébú ni o, mà!"

"Ta ló ń gbé oúnjẹ náà wá bá mi lórí àga?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ọlọ́un á pèsè ẹ̀. Òmíràn dà?"

"Cheapskate! Ahun tówó kì í kúrò lápò ẹ̀!"

"Kó má kúrò níbẹ̀ láéláé." Màmá fọwọ́ pa ojú bí ẹni tó ṣàdúrà tán.

Òógùn ti bo Majeed. "Fossil! Egungun ayé àtijọ́ tó ti di òkúta!"

"Kò jẹrà?"

"Kò... kò jẹrà, mà."

"Àmín." Màmá yínmú. "Ṣé báwọn òyìnbó ṣe ń bú ara wọn nìyí? Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fúnra wọn! Ìwọ wò ó: orí ẹ rí gbágungbàgun bí abọ́ irin tó yí gbirigbiri látòkè Màpó dé Ọjà'ba. Ṣéyìí náà ń fẹ́ ìtumọ̀?"

Majeed fọwọ́ kan orí. "Rárá, mà. Ó yé mi."

"Ó yẹ kó yé ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n tún bi yín?"

"Ẹyọ kan ló kù. Wọ́n ní ṣé o máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọwọ́ mi dí, mo ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Mo ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè èsì yẹn."

Majeed dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá mi, kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn wuyì gan-an. Wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi dé."