Ìṣẹ́gun Gbádégẹṣin Ọmọ Ládòkun Lórí Fèrèsé Tó Dákú

Ẹ dìde bí ẹ bá jókòó, ẹ ṣí fìlà bí ẹ bá dé e, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ pè yìí kì í ṣe èyí tí à ń pè lórí ìjókòó. Gbádégẹṣin ni mo fẹ́ kì, Gbádégẹṣin Àkànní ọmọ Ládòkun, ọmọ ọkùnrin tó fi agolo gọ́ọ̀mù àti awẹ́ rọ́bà lẹ gbogbo táyà kẹ̀kẹ́ láti Ìkìrun títí dé Ìràgbìjí, ọmọ-ọmọ Bàbá Onírédíò tí í gbá rédíò létí kí Ìbàdàn tó lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ pé ohun tó bá kú mọ́ aráyé lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń jí. Baba ńlá wọn kò sí lójú ogun Jálumi, n kò ní parọ́ fún yín. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń kan ẹsẹ̀ àpótí lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ àpótí ọ̀hún kò sì yẹ̀ títí dòní. Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ kò gun ẹṣin rí. Ọ̀kadà ló ń gùn, ọ̀kadà náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

A-jókòó-ti-ẹ̀rọ-títí-tó-fi-rẹ-ẹ̀rọ, afìka-jagun-má-ta-ẹ̀jẹ̀-sílẹ̀, ọkọ Fadérera, ọkùnrin tí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá lórí láti iwájú, òun ni jagunjagun ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Tìámíyù, níbi tí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ti ń gé etí bébà. Ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun wà lọ́jọ́ náà.

Akọni yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà wa. Ètò náà lójú, ó nímú: bí o bá ṣí i, fèrèsé gbàràmù kan á yọ, wàá rí àwòrán àwọn ènìyàn, wàá fi máòsì fà wọ́n sí ibi tó bá wù ọ́, wàá sì tẹ bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n kọ "Ó Yá" sí. Àmọ́ ẹwà nìkan ló ní. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán di ojú ìwé tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gbé mì. Ètò mìíràn ló mọ ìyẹn, ètò àtijọ́ kan tí kò ní fèrèsé, tí kò ní bọ́tìnnì, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé kọ̀ǹpútà bí ìyá arúgbó tí kò fẹ́ àlejò. Bí ẹ bá ti tẹ Ó Yá, ètò arẹwà á ránṣẹ́ sí ètò ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn á ṣiṣẹ́, á gbé fáìlì jáde, àwa á sì máa tẹ̀wé lọ.

Wàyí o, Ẹgbẹ́ Aránṣọ gbé kàlẹ́ńdà wá. Ẹni tó bá ti ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ rí nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìwé, iṣẹ́ ìlàjà ni. Ibi tí orí rẹ bá wà lórí bébà yẹn, ibẹ̀ lo wà láyé fún odidi ọdún kan, lójú àlejò, lójú àna, lójú ẹni tó bá ọ wá ra bọ́tìnnì. Gbádégẹṣin, tí ọgbọ́n ẹ̀rọ ti gba àyè ọgbọ́n yòókù lórí rẹ̀, fi ipò to àwọn ènìyàn. Ó gbé Mùkáílà alága sókè téńté, ó wá fi Alájà Ṣìfáwù sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì tẹ Ó Yá, fáìlì jáde. Bẹ́ẹ̀ Alájà yìí ló kọ́ Mùkáílà níṣẹ́.

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni Alájà dé láti wá wo iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ pín kàlẹ́ńdà náà ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì tú okùn ìwọnṣọ tó máa ń fi kọ́rùn sílẹ̀.

"Gbádé," ó ní, "n ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, n ò lè máa wo àgbọ̀n rẹ̀ lókè orí mi láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Màá sọ fún yín pé mo ti dàgbà, màá lọ jókòó sílé."

Ó dùn ún ni, ó dùn ún gan-an, ó sì dun àwa náà, nítorí kò sí ẹnì kan nínú ilé ìtẹ̀wé yẹn tí kò tíì wọ aṣọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Gbádégẹṣin bẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú kan ni. Ó fa Alájà sókè, ó fa Mùkáílà sísàlẹ̀, ó tẹ Ó Yá.

Fèrèsé bá dákú.

Ó funfun bí ẹ̀kọ tútù. Máòsì ń lọ, máòsì ń bọ̀, kò sí ohun tó mì. Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé kò dáhùn. Ọ̀gá Tìámíyù, ọkùnrin tí kò gbà pé ohunkóhun wà láyé tí títẹ̀ kò lè wò sàn, tẹ bọ́tìnnì náà títí ìka fi ń ta á. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́yìn, ó fi àkísà nù ún lójú, ó ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún tàn án. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, wọ́n tẹ Ó Yá, ó tún dákú. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe kàlẹ́ńdà àwọn onígbájámọ̀ láìwúkọ́. Alájà wò wá, ó ní ọwọ́ Mùkáílà kò jìnnà sí i. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti da tàdáwà sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n dúró, wọ́n ń wo oòrùn.

Ẹni bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n. Gbádégẹṣin ká apá ẹ̀wù sókè, ó yọ bàtà, ó fa àga mọ́ra, ojú rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ọ̀bẹ bébà mi sílẹ̀. Ó ṣí ikùn ètò tó kọ, ó ń kà á láti òkè dé ilẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń ka kéwú. Ló bá kígbe pé òun ti rí i. Òṣìṣẹ́ kan náà tó gbà kó máa kí oníbàárà nínú fèrèsé, òun kan náà ló ń rán lọ sẹ́yìnkùlé, tí yóò sì dúró sí ẹnu ọ̀nà títí wọn á fi parí iṣẹ́. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ láti lọ dúró ti ẹni tó ń lọ ata: oníbàárà á pè títí, ta ni yóò dáhùn? Ni akọni bá gba òṣìṣẹ́ mìíràn sínú ètò náà, ó ní kí ìyẹn máa lọ jíṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, kí ti inú fèrèsé má kúrò ní ìsọ̀ mọ́.

Ó tẹ Ó Yá. Fèrèsé kò kú! Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, àgbá kékeré kan bíi ti kẹ̀kẹ́ ń yí láàárín rẹ̀, ó ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. A pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Tìámíyù gbá a lẹ́yìn. Àgbá ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Oòrùn ti ń rọ̀, àgbá ṣì ń yí, fáìlì kan kò jáde.

"Aláìsàn ti jí o," ni Ọ̀gá Tìámíyù wí, "àmọ́ kò tíì mọ ẹnì kankan."

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé kí Alájà fọwọ́ wọ́nú. Èèyàn lásán ì bá ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ọmọ Ládòkun kọ ẹ̀yìn sí àgbá tó ń yí, ó pa fèrèsé arẹwà tì, ó ṣí fèrèsé dúdú tí kò ní àwòrán kankan, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tí ètò rẹ̀ máa ń rán, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì jẹ́ ẹ fún ètò àtijọ́ náà. Ètò àtijọ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wà nílẹ̀ o, ṣé kí òun kọ tuntun lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó béèrè tán, ó dákẹ́, ó ń retí èsì.

Àṣé ìbéèrè ló ń bi wá láti ọ̀sán! Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò jẹ́ fọwọ́ pa ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe rẹ́ láìgba àṣẹ. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kágò, bẹ́ẹ̀ ibi tó dúró sí, etí kankan kò sí níbẹ̀. Ti àwọn onígbájámọ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí àwọn onígbájámọ̀ kò bá ara wọn jà, ẹ̀ẹ̀kan la ṣe tiwọn. Àtúnṣe Alájà ló sọ orúkọ kan di ti fáìlì méjì. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá Tìámíyù sì pa á tó tún tàn án, òmíràn ló ń lọ dúró lẹ́yìnkùlé, tí gbogbo wọn ń béèrè ohun kan náà. Gbádégẹṣin yẹ ilé wò, ó bá wọn ní ìdúró, ó sì tú wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ló wá fa idà yọ. Ó padà sínú ètò rẹ̀, ó dé ibi tí iṣẹ́ ti ń jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì fi lẹ́tà kan tó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni sí ìparí rẹ̀, kí èsì ti wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ kí wọ́n tó bi í. Ó tún la ọ̀nà kan, pé bí ẹ̀yìnkùlé bá tún ní ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ mìíràn, kí ọ̀rọ̀ náà yọ sí ojú fèrèsé tí ọmọ ènìyàn ń wò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ yẹn tó ń yínmú pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Kí ló dé tí ìwọ kò fi í síbẹ̀?

Ó tẹ Ó Yá. Àgbá yí díẹ̀, fáìlì jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé ti àkọ́kọ́ mì, ó sì pọ̀ ọ́ jáde ní gbígbóná. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ Alájà Ṣìfáwù. Ó rí ara rẹ̀ lókè, ó rí Mùkáílà nísàlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín ni. Ó fi ìka kan ibi tó ṣófo lókè orí rẹ̀.

"Gbádé, ṣé àyè wà níbí?"

Ó tú kókó etí ìborùn rẹ̀, ó yọ àwòrán kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ya. Obìnrin kan ló jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá Rúùtù nìyí. Òun ló kọ́ mi. Kò fi ọmọ sílẹ̀ tó lè wá bá yín jà nítorí rẹ̀. Ohun tí mo ní kí Mùkáílà ṣe fún mi, èmi náà ni mo fẹ́ ṣe fún un yìí."

Ọ̀gá Tìámíyù wo bọ́tìnnì pupa, ó di ojú. Gbádégẹṣin kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ya àwòrán náà wọ inú kọ̀ǹpútà, ó fà á lọ sókè téńté, ó tẹ Ó Yá, àgbá kò sì rí àyè yí dé ìdajì kí Màmá Rúùtù tó jáde.

Nítorí náà, èmi tí mò ń gé etí bébà nílé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Tìámíyù ń kéde lónìí, kí gbogbo ètò tó lójú tó nímú gbọ́, kí gbogbo ètò ẹ̀yìnkùlé gbọ́, kí Ìkìrun gbọ́ kó sọ fún Ìràgbìjí, pé Gbádégẹṣin ọmọ Ládòkun ti jagun, ó ti ṣẹ́gun, kò sì sí fèrèsé tí yóò dákú lójú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní kò ṣe nǹkan kan, ẹ lọ bi àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n na kàlẹ́ńdà náà sára ògiri, tí Mùkáílà alága rí ẹni tó wà lókè ọ̀gá rẹ̀, tó ká agbádá mọ́ra, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bébà.