Ọjọ́ tí Ìwé Àgbò Mi Kọ̀ Tí Kò Jáde

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo tilẹ̀ dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Iléyá. Àgbò mẹ́tàlélógún wà lórí èèkàn lẹ́yìn ìsọ̀ mi ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ló sì ti ní ẹni tó yàn wọ́n láti bí oṣù kan sẹ́yìn.

Mo ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára àgbò kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wá wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ̀pà ni mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìkẹfà tà. Ọmọ mi Sìdíkátù, tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ sínú àwọn àpótí kéékèèké tó wà nínú ẹ̀. Ó tún bá mi ṣe é débi pé bí mo bá ti tẹ àmì aláwọ̀ ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, ìwé àgbò mi á jáde wá fúnra ẹ̀, bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀. N ò wá a rí, n ò sì mọ̀ pé wọ́n ń wá a. Ṣùgbọ́n mo fi yangàn! Mo ní kí àwọn tó ń ta àgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa fi ẹfun kọ tiwọn sára ògiri, pé tèmi ti kọjá ìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣe bísímílà, mo tẹ àmì náà. Ìwé jáde lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni. Kò sí orúkọ ẹnì kankan. Mo pa á, mo tún un tàn. Òfìfo. Mo fi etí ìró nù ún lójú, bóyá eruku ni. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere, inú ẹ̀ ṣófo, bíi ti àwọn kan tí mo mọ̀.

Ibẹ̀ ni Àlájì àdúgbò wa bá mi.

"Ìyá Sìdí, ẹ kú ọjà o. Mo wá mú àgbò mi."

"Ẹ káàárọ̀, Àlájì. Nọ́ńbà wo ni tiyín?"

Ó wo gbogbo èèkàn yí ká. Ojú ẹ̀ wá dúró sára nọ́ńbà méje, àgbò tó fẹ́ẹ̀ ga tó ọmọ màlúù. "Ó dà bíi pé méje ni."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Kúdí aláṣọ fi bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. "Méje kẹ̀? Èmi ni mo ni méje!"

Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, ènìyàn márùn-ún ti ni nọ́ńbà méje. Nọ́ńbà mọ́kàndínlógún, tíńńrín bí ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ ní sùúrù," ni mo wí, "ara kọ̀ǹpútà ni kò yá."

Ìyá Kúdí pòṣé. "Ṣebí ìwọ lo ní kí àwọn èèyàn máa kọ ọ́ sára ògiri? Ògiri tiwọn ò ṣàìsàn o."

Mo gbé kọ̀ǹpútà sáyà, mo sọdá títì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà. Àwọn márààrún tẹ̀ lé mi, torí kò sẹ́ni tó lè fi ẹnì kejì ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méje. Ọlọ́kadà kan kígbe pé, "Ṣé olè lẹ mú ni?"

Àlájì dá a lóhùn: "A ò tíì mọ̀."

Ẹnjiníà tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. "Màmá, ó ti bàjẹ́. A máa nu gbogbo inú ẹ̀ nù, ká wá kó tuntun sí i."

"Ṣé orúkọ àwọn èèyàn á ṣì wà níbẹ̀?"

"Màmá, mo ní a máa nù ún."

Bí mo bá fa àgbò àṣìmú lé ènìyàn kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìjà á bẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò tún ra àgbò lọ́wọ́ mi ní Takie? Mo pe Sìdíkátù. Fóònù mi ò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ láti ìgbà tó ti já bọ́. Gbogbo wọn ló ń gbọ́.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nu nǹkan kan! Kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Èmi? N ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Màámi."

"Wàláhì, n ò..."

"Ẹ má búra, ọ̀la ni Iléyá."

Mo wo ilẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Níjọ́ tí mo ń wá fọ́tò àgbò, mo rí ìwé mi nínú fódà kan, àpò tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé sí, tí wọ́n kọ START sí lára. Nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá fi ọjà mi sílẹ̀ sí ìsọ̀ ẹni tí n ò mọ̀? Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo gbé e sínú fódà tí mo fi orúkọ ara mi sọ.

Sìdíkátù bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń lọ mú un wá fún yín! Ó débẹ̀, kò bá a, ló ṣe fún yín ní òfìfo."

Ẹnjiníà, tó fẹ́ nu gbogbo ẹ̀ nù, húkọ́ díẹ̀, kò wojú mi. Ó dá ìwé náà padà síbi tó ti wà, ó tẹ àmì aláwọ̀ ewé, orúkọ tú jáde yẹ́ẹ́. Orí mẹ́fà jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ni nọ́ńbà méje ò tíì kúrò nílé ẹ̀ rárá. Ẹni tó ni mọ́kàndínlógún ni Àlájì.

Àlájì fara balẹ̀ wo ìwé náà.

"Ẹ pa á," ló wí, "kí ẹ tún un tàn."

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, oníkálukú ti fa àgbò tó yàn lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbi tí n ò mọ̀ ni wọ́n jí lọ́wọ́ mi. Ẹni tí wọ́n bá sì bi pé kí ló fọwọ́ kàn, kó tètè sọ ọ́, kí ogunlọ́gọ̀ má baà sìn ín sọdá títì ní Takie bí olè. Bí mo bá rántí ojú Àlájì, mo máa ń rọra kọjú sí ògiri rẹ́rìn-ín, torí oníbàárà mi ni títí dòní. Àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ kó tó padà sórí èmi fúnra mi, èmi tí mo kó ẹrù ara mi kúrò nílé tó ń gbé, tí mo wá ń pariwo pé ó sọnù.