Ta Ló Ka Ìwé Fèrè?

Lánàá ni ẹjọ́ kan ta kọ́sọ́ wọ ààfin. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ti ìyàwó, kì í sì í ṣe ti ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Ẹjọ́ ìwé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onífèrè, tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní fèrè fífọn láti ọgbọ̀n ọdún, ló pẹjọ́. Ìyá Olóòtú ló pè lẹ́jọ́, obìnrin tó ń darí ilé ìtẹ̀wé tí àwọn onímọ̀ ti ń tẹ ìwé orin, ijó àti eré orí ìtàgé.

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Olóòtú ti lò nínú yàrá kékeré tó fi ṣe ilé ìtẹ̀wé, láàárín ìwé tó ga dé ojú fèrèsé, kò sì mọ ibòmíì tó lè lọ. Àṣírí kan tún wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ sọ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?" Kábíyèsí bèèrè.

"Kábíyèsí, wọ́n pa mí! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ìwé nípa fèrè. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e jókòó fún ọdún mẹ́rin, wọ́n wá dá a padà pé kò dára! Èmi tí mo máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, tí mi ò tíì ní ìwé kan ṣoṣo láyé!"

"Ọdún mẹ́rin?" Ọ̀tún ta jí. "Ṣé ẹ ń sè é ni?"

Ìyá Olóòtú kúnlẹ̀. "Kí adé pẹ́ lórí. Ọdún mẹ́rin ò pẹ́ nídìí iṣẹ́ wa. Ìwé ijó kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti pé ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí a fi máa kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́, orúnkún ò jẹ́ kó lè jó mọ́."

"Àwáwí rẹ nìyẹn?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a yára lórí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ni."

Ẹ̀rín sọ. Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè.

"Ta ló ní ìwé náà ò dára?"

"Kì í ṣe èmi, Kábíyèsí. Bí ìwé bá dé, a ó yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, a ó yọ àkọlé rẹ̀, a ó fún un ní nọ́ńbà lásán. A ó wá fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kọ ọ́ ò ní mọ ẹni tó kà á, ẹni tó kà á náà ò ní mọ ẹni tó kọ ọ́, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́."

"Ẹni yẹn gan-an ni mo ń wá!" Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ sókè. "Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, àbí kí Kábíyèsí ti ilé ìtẹ̀wé náà pa!"

"O gbọ́," Kábíyèsí wí. "Dárúkọ rẹ̀."

"Mi ò lè dárúkọ, Kábíyèsí."

"Màá tì í o."

"Ẹ tì í." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn yàrá yẹn ju ilé tó ń sùn lọ, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún gbogbo àwọn tó ń bá a yẹ ìwé wò pé ẹnu òun ò ní da orúkọ wọn síta.

Wọ́n pe akọ̀wé rẹ̀ wá jẹ́rìí.

"Ìwọ lo fi ìwé náà ránṣẹ́?"

"Èmi kọ́ o, Kábíyèsí."

"Ta wá ni?"

"Èmi náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò sí níbẹ̀, ọmọ wọn ló bímọ. Mo wo ìwé orúkọ àwọn onímọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ fèrè. Mo bá fi ránṣẹ́ sí i kíá. Èsì dé, mo tún fi ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n kíá. Mi ò fẹ́ kó pẹ́."

"Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin?" Ọ̀tún bèèrè.

"Ọ̀sán ni nígbà yẹn, sà. Mi ò fẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́."

"Ta ni ẹnì kan ṣoṣo náà?"

Ìyá Olóòtú wúkọ́. Akọ̀wé pa ẹnu dé.

"Ó dáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ka èsì náà sétí wa."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tú àpò, kò rí awò ojú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sílé, ìyàwó rẹ̀ sì mú un wá. Ìlà kìíní nìkan ni ọkùnrin yìí ti kà rí, ìbínú ni kò jẹ́ kó ka ìyókù. Ó ké e jáde:

"'Ẹni tó kọ ìwé yìí kò fi ẹnu kan fèrè rí. Olè paraku ni. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni àgbà onímọ̀ nì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Onífèrè, ti sọ tẹ́lẹ̀…'" Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n, baálé mi!" ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Ọ̀rọ̀ yín yẹn lẹ tún ń kà? Ṣebí èmi ni mo bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà!"

"Èmi? Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní olè kan ti jí èrò yín! Ojú ewé mẹ́ta péré lẹ kà, lẹ bá fi ìwé náà ti ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú."

"Irọ́ ni! Mẹ́rin ni mo kà!"

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀tún di ikùn mú. "Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀ o!"

"Ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn jù ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ráhùn. "Mo ti gbàgbé ohun tí mo kọ."

Ìyá Olóòtú fi ìborùn nu ojú. Ara tù ú, nítorí kì í ṣe ẹnu òun ni orúkọ náà ti jáde.

Kábíyèsí dájọ́. "Ìyá Olóòtú, o pa ẹnu mọ́, n kò ní ti ilé ìtẹ̀wé rẹ. Ṣùgbọ́n o jókòó lé ìwé ẹni ẹlẹ́ni fún ọdún mẹ́rin. Kí wọ́n gbé gbogbo àga kúrò nínú yàrá yẹn. Ìdúró ni wàá máa ṣiṣẹ́ títí ìwé fèrè yóò fi jáde."

"Mo gbà, Kábíyèsí."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á tẹ ìwé rẹ kí o tó fẹ̀yìn tì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣùgbọ́n a ò lè da ọ̀rọ̀ àgbà onímọ̀ nù. Èsì tí o kà yẹn ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀rọ̀ ìṣáájú, pẹ̀lú orúkọ rẹ àti ìfọwọ́sí rẹ lábẹ́ rẹ̀."

"Yéè! Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ!"

Kábíyèsí yíjú sí Ìyá Olóòtú. "Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe dáadáa, Kábíyèsí. Kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n gbé e wá. A ó yọ orúkọ wọn kúrò, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ nípa fèrè jù lọ kó yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Ìyá Olóòtú.

"Ẹ fún mi ní bírò," ó ní. "Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"