Fáànù Ìyá Fọláṣadé Lójú Omi

"Ẹ gbé èyí tó lágbára jù jáde! Èyí tó lè fẹ́ èèyàn ṣubú!"

Bí Tìmílẹ́yìn ṣe já wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtún nìyẹn o. Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà. Òógùn ti bo gbogbo ojú ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí.

Mo ní, "Oníbàárà mi, ẹ fara balẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi fáànù fẹ́?"

"Ìyá ìyàwó mi."

Ẹ̀rín yọ sí mi lọ́fun, mo gbé e mì. Ẹni tó bá ń fi oníbàárà rẹ́rìn-ín kò tíì fẹ́ jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. Tìmílẹ́yìn ń wa ọkọ̀ ojú omi, ó fi ń kó èrò láti etí omi Ìjẹ̀gùn lọ sí Àpápá. Ọkọ̀ náà ní yàrá kan láàárín, ó lórùlé, ó ní fèrèsé, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ooru inú ẹ̀! Ẹ gbé ẹyin síbẹ̀, kí ẹ tó dé òdìkejì, ẹyin ti jinná.

Fọláṣadé ni ọmọ tí Tìmílẹ́yìn fẹ́ fẹ́. Ìyá Fọláṣadé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Oǹdó, Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé. Mama yìí àti ooru, ọ̀tá ni wọ́n. Tí wọ́n bá dá iná ní ojúlé kejì, òun ti ń fẹ́ra.

Mama sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tó ń yan èrò bí ẹja. Màá wọ ọkọ̀ yẹn. Tí òógùn bá fi lè kán lára mi ká tó padà sétí omi, ẹ̀kán kan péré, gbàgbé Fọláṣadé."

Ó dáa. Mo gbé fáànù kékeré méjì jáde, àwọn tí wọ́n ń há mọ́ ara ògiri. Àwọn gan-an ló yẹ yàrá ọkọ̀, mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìlà tiwa, a kì í fi ojú lásán ra fáànù. Fìlà la fi ń dán an wò. Wàá bọ́ fìlà, wàá gbé e sórí àpótí níwájú fáànù. Tí fìlà ò bá ṣí nídìí, fáànù ò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Mo bọ́ fìlà mi kalẹ̀, mo tan àwọn kékeré. Fììììn. Fìlà kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń tòògbé nídìí ìwàásù.

Tìmílẹ́yìn yínmú. "Èyí? Èyí ò lè fẹ́ tíì kó tutù."

Ojú ẹ̀ bá bọ́ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Ìjì wà níbẹ̀.

Fáànù tó tóbi jù lọ́wọ́ mi ni. Irin ni gbogbo ara ẹ̀, orí ẹ̀ tóbi ju agbada olóúnjẹ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ló yẹ. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé aláǹgbá ti bímọ, ó ti kómọ jáde nínú ẹ̀. Mo tan án.

GBÙÙÙÙÙÙÙ!

Fìlà gbéra. Ó ré títì kọjá, ó ré orí oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá, ó já sínú ọpọ́n pọ̀nmọ́ Charity ní òdìkejì.

Charity figbe ta. "Ta ló ju fìlà sínú pọ̀nmọ́ mi? Ṣé kí n bá yín sè é ni?"

Tìmílẹ́yìn fò sókè. "Òun nìyí! Òun ni mò ń wá!"

Ṣé kí n wá sọ pé ó ti pọ̀ jù fún yàrá ọkọ̀? Ẹnu ọlọ́jà wo ló ń sọ pé ọjà òun tóbi jù? Mo panu mọ́ ṣá.

"Ó wọ́n o," ni Tìmílẹ́yìn wí.

"Kò wọ́n. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló pọ̀."

"Ẹ dín in kù jàre."

"Tí mo bá dín in kù, afẹ́fẹ́ náà á dín kù o."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Mo jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ padà wá! Ẹ máa gbé e lọ, torí ìyá ìyàwó yín."

Ó padà. "Èènì ńkọ́?"

"Èènì lórí fáànù? Ṣé gaàrí lẹ rà ni?"

"Láìsí èènì, mi ò rà."

Mo wò yí ká. Mo fa abẹ̀bẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ tí mo fi ń lé eṣinṣin, mo jù ú sí i. "Ẹ gba èènì yín."

Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Bọ̀ọ̀dá Zikrullah, ẹ̀yin náà á bá wa lọ. Tí ò bá ṣiṣẹ́ lójú omi, ibẹ̀ lẹ ti máa gba ọjà yín padà."

Kí Bàbá Ìjì ṣá ti kúrò lọ́rùn mi, mo gbà.

Ọjọ́ pé. Mama àti Fọláṣadé dé etí omi, Mama wé gèlè aṣọ òkè tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Gèlè yẹn ga! Àfi ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rákò kó tó wọ yàrá ọkọ̀. Bàbá Ìjì ti gba ìdajì ibẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ń ké lẹ́yìn.

Mama ní, "Kí lẹ gbé ẹnjínnì síwájú mi fún?"

"Fáànù ni, Mà."

"Fáànù ta ni? Ti Gòláyátì?"

A gbéra. Nígbà tí a dé àárín omi, Tìmílẹ́yìn tan fáànù sí nọ́ńbà kìíní. Afẹ́fẹ́ dé, Mama rẹ́rìn-ín músẹ́. "Hẹn-ẹ́n. Ọmọ gidi."

Orí Tìmílẹ́yìn wú. Ó nawọ́ sí nọ́ńbà kẹta.

Mo ní, "Ẹ má yí i!"

Ó ti yí i.

GBÙÙÙÙÙÙÙ!

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mama ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá. Gèlè tú. Fìrììììì! Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó fò bí àṣá, ó já sómi nídìí ẹnjínnì ọkọ̀.

Krrrr... krr... kẹ́!

Ẹnjínnì kú.

A bẹjú wo ìsàlẹ̀. Yéè! Ẹnjínnì ti wé gèlè! Ó wé e, ó le, ó dán, kí n má purọ́, ó wé e dáa ju Mama lọ. Ẹ̀rín ń pa mí, mo gé ètè jẹ.

Tìmílẹ́yìn fa ọ̀bẹ yọ.

Mama pariwo, "Kí lo fẹ́ gé? Gèlè ìyá mi? Fi ọ̀bẹ yẹn kàn án, kí n rí ọ!"

Ọ̀bẹ padà sínú àpò. Ó pe àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó wà nítòsí.

Ni mo bá ní, "Ẹ jẹ́ ká kọjú ọkọ̀ padà sétí omi Ìjẹ̀gùn, ká gbé Bàbá Ìjì sẹ́yìn ọkọ̀, kó máa fẹ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ á lọ síwájú."

A gbé e. Gbùùùù! Ọkọ̀ sún lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn, ìgbín á dé ilé ṣáájú wa, á gúnyán, á pè wá wá jẹun.

Ẹnì kan tó ń wa ọkọ̀ onígi kékeré ń kọjá pẹ̀lú àjẹ̀ ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń fẹ́ omi kó lè tutù ni?"

Ibẹ̀ la wà tí wàhálà mìíràn fi dé.

"Tìmílẹ́yìn," Mama pè é láti inú yàrá, "ooru ń mú mi o."

Iwájú orí Mama ti ń dán.

Tìmílẹ́yìn sáré yí fáànù sí Mama, ọkọ̀ dúró. Ó yí i sómi, Mama ń dán. Ó yí i sí Mama, ọkọ̀ ń padà sẹ́yìn lọ sí Àpápá. Fọláṣadé bú sẹ́kún.

Tìmílẹ́yìn wò mí. Ojú ẹ̀ ràn. "Èènì! Èènì dà?"

Mo gbá abẹ̀bẹ̀ mú. Fẹ́! Fẹ́! Fẹ́! Fẹ́!

"Ọrùn," ni Mama wí. Mo fẹ́ ọrùn. "Apá òsì." Mo fẹ́ ẹ. "Má sinmi."

Òógùn tèmi ń dà wàràwàrà sínú ọkọ̀, Fọláṣadé ti ń fi agolo gbọ́n ọn jáde ká má baà rì. Mo ní kí n nawọ́ díẹ̀ báyìí, Fọláṣadé ké, "Ó ti wà nímú Mama! Ó fẹ́ kán o!"

Ẹ̀kán omi kan dúró ní góńgó imú Mama. Ó ń gbọ̀n. Ó ń gùn.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di abẹ̀bẹ̀ mú. FẸ́FẸ́FẸ́FẸ́FẸ́FẸ́!

Ó gbẹ síbẹ̀.

Bàbá Ìjì ń fẹ́ omi, èmi ń fẹ́ Mama, bí a ṣe fẹ́ wọlé sétí omi nìyẹn. Mama fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó gbé e sókè wò.

"Ó gbẹ. Fọláṣadé ti di tìẹ."

Tìmílẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Fọláṣadé ń jó lẹ́yìn ẹ̀.

Mama nawọ́ sí Bàbá Ìjì. "Ṣùgbọ́n gbé ìyẹn padà fún ẹni tó tà á. Ó ń pariwo, ó ń mu epo, ó ń bọ́ gèlè."

Bàbá Ìjì tún ń padà bọ̀ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn.

Mama wá yíjú sí èmi tí mo nà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ahọ́n mi níta bí ti ajá. "Èyí ni kó o gbé wá sílé mi. Kò dún, kò mu epo, ó sì mọ ibi tí ọrùn wà. Èló ni wọ́n ń tà á?"

Mo ti la ẹnu, mo fẹ́ dá iye lé e.

Tìmílẹ́yìn ti dáhùn. "Ẹ ò ní san nǹkan kan, Mà. Èènì ni."