Agolo Mílíìkì Tí Ìyàwó Mi Rà

Ọjọ́ òjò kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, ọjọ́ tí sójà kan bá mi lábẹ́ kọ́tìnnì nínú ọkọ̀ obìnrin, ní géètì bárékè Ọ̀jọ́. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ fara balẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an tún tini lójú ju ohun tí ẹ ń rò lọ.

Ẹnu mi ló fà á. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ológun ṣì ń ṣèjọba, mò ń ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú bárékè náà. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n máa sọ nǹkan lórúkọ. Igbákejì gíwá wa tí kì í rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọjọ́ Ajé. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá gbọ́, wọ́n sì ní kò bínú.

Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ Faransé àti ọkọ̀ Jámánì ló níyì, ti Japan sì ń tẹ̀ lé wọn. Àfi bí àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Kòríà. Wọn ò wọ́n, ara wọn fúyẹ́, táyà wọn tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lékeléke. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan ní Ìyànà-Ìbà, mo wọ yàrá àwọn tíṣà, mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí agolo mílíìkì tó ń fọn fèrè.” Ẹ̀rín pa wọ́n. Mo tún fi iyọ̀ sí i pé bí ẹni tó rà á bá lá ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, kò sí ohun tó kù ju kó jù ú sẹ́yìn ilé lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, orúkọ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Òkòkòmáíkò. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ǹdọ́ bọ́ọ̀sì kan tí mi ò mọ̀ rí, inú mi sì dùn bí ẹni tó tẹ ìwé jáde.

Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ ni Fálànà, tíṣà ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi. Òun ló ni ọkọ̀ Faransé kan tó ti dàgbà ju àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ. “Agolo mílíìkì,” á wí, á tún nu ojú.

Oṣù méjì ò tíì pé lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Sátidé kan, ni Ìyá Bùnmi, ìyàwó mi, pè mí jáde nínú ilé tí a gbà ní Ìbà. Ó ń ta aṣọ kọ́tìnnì lójú ọ̀nà Alábà, ọdún mẹ́fà gbáko ló sì ti ń gbé ẹrù náà lórí wọ bọ́ọ̀sì.

“Bàbá Bùnmi, ẹ jáde wá bá mi dúpẹ́.”

Mo jáde. Agolo mílíìkì ni. Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Gbogbo ayálégbé ti yí i ká, ìyá onílé ń fọwọ́ ra á lórí bí ẹni ń kí ọmọ tuntun.

“Ta ló ni ín?” Mo bèèrè bí ẹni tí kò mọ̀.

“Èmi àti ẹ̀yin la ni ín.”

Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fẹ́ ìpín tèmi. Ó yẹ kí n jó lọ́jọ́ náà, mo mọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ṣé Kòríà náà ń ṣe mọ́tò ni?”

Ó wò mí. “Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ máa bú u nígbà tí ẹ bá jókòó tán.”

Mo jókòó. Ó tan AC, atẹ́gùn náà fẹ́ mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí fìríìjì. Àga rẹ̀ gbà mí, orúnkún mi ò kan nǹkan kan. Mo sọ̀kalẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, torí bí mo bá yìn ín ní Ìbà, báwo ni mo ṣe máa bú u ní Ọ̀jọ́?

“Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín,” ni Ìyá Bùnmi wí. “Lọ́la, wọ́n máa gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkòkòmáíkò. Ẹ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ayé rí wa.”

Kí ayé rí wa kẹ̀. Òkòkòmáíkò náà ni Fálànà ń gbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sunday, ibà gbé mi dè, mo ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Ibà ọ̀hún jẹ́ onínúure: bí mo ṣe gbọ́ tí ọkọ̀ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà báyìí ló fi mí sílẹ̀. Nígbà tí Ìyá Bùnmi máa fi dé, ìdí àwo ẹ̀bà kejì ló bá mi. Kò bá mi wí. Ó kàn gbé omi tútù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ bọ́ sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ̀ pé ariwo ò tó ìyẹn.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń gbé mi jáde láràárọ̀, torí Alábà àti bárékè, ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ìyànà-Ìbà ni mo máa ń ní kó já mi sí. Màá ní mo fẹ́ ra bébà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́ọ̀sì, ni Fálànà bá dé láti Òkòkòmáíkò. “Tíṣà, wọlé, jàre.” Mo wọlé. A ò tíì kọjá àwọn tó ń ta búrẹ́dì tí ọkọ̀ rẹ̀ fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mo bọ́ kóòtù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ibi tí mo ti ń tì í lọ́wọ́ ni ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tó ti dúró ra búrẹ́dì rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹni tó ń wà á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì juwọ́ sí mi.

“Wo agolo mílíìkì rẹ,” ni Fálànà wí láti orí àga rẹ̀. “Obìnrin yẹn ń kí ọ. Mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?”

“Rárá o.” Mo tún tì í síwájú. Mi ò gbọ́ kí àkùkọ kankan kọ, ṣùgbọ́n fèrè ọkọ̀ yẹn tó mi.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Bùnmi gbé òrí síwájú mi. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

“Ẹ fi para lápá. Mo rí i pé ẹ rí iṣẹ́ ṣe lónìí.”

Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni mo fi kún un. Bí a bá ti ń sún mọ́ Ìyànà-Ìbà, okùn bàtà mi á tú, màá sì tẹ̀ba láti so ó. Láràárọ̀, ní ojú ibì kan náà. Àṣé ojú ti rí mi. Ní ọjọ́ kan, Fálànà pè mí sẹ́yìn yàrá ìkàwé.

“Wọ́n ní obìnrin kan ń fi agolo mílíìkì gbé ọ kiri. Wọ́n ní bí ẹ bá dé Ìyànà-Ìbà, o máa ń forí pamọ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo nílò: ìyàwó mi ni. Àmọ́ mo ronú nípa ọkọ̀, mo ronú nípa agolo, mo wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkùnrin tó ní àlè. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní oníṣekúṣe ju kí wọ́n mọ̀ pé ilé mi ni agolo mílíìkì ń sùn.

Fálànà ò rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó rẹ tó ń ru kọ́tìnnì lórí lójoojúmọ́ yẹn? Ojú ò tì ọ́? Mo máa sọ fún un. Bí mo bá ti fojú kàn án báyìí, mo máa sọ fún un.”

Ó ku ẹyọ ìpàdé kan kí gbogbo irọ́ mi tú, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa ń gbà.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni òjò ọjọ́ yìí dé. Ó ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyànà-Ìbà ti di odò. Ìyá Bùnmi ní òun ò lè já ọkọ òun sínú omi, òun máa gbé mi dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

“Ìyá Bùnmi, má ṣèyọnu.”

“Ẹ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ mú ọ̀kan.”

Mo mú ìkẹta. Mo wọ ẹ̀yìn, níbi tí ó to àwọn kọ́tìnnì sí, mo dùbúlẹ̀, mo fa ọ̀kan bo ara mi lódindi, aláwọ̀ àlùkò tó ní òdòdó góòlù.

“Bàbá Bùnmi, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?”

“Òtútù ló mú mi.”

Ó wa ọkọ̀ lọ. Mo ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ṣe ń wúkọ́ nínú omi lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí àwọn tó ni wọ́n ń ṣépè. Tiwa ò wúkọ́. Ó kàn ń lọ wẹ́rẹ́ bí pẹ́pẹ́yẹ. Lábẹ́ kọ́tìnnì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbà lọ́kàn mi pé ọkọ̀ náà dára, níbi tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́.

A dé géètì. Sójà kan, kọ́púrà tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, tẹ orí wọ fèrèsé.

“Màdáámú, ẹ kú òjò. Kí lẹ kó sẹ́yìn?”

“Kọ́tìnnì ni, ọ̀gá.”

“Kọ́tìnnì wo ló ń wọ bàtà?”

Ẹsẹ̀ mi kan ló yọ síta, ẹ ò rí i, pẹ̀lú okùn tí mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan so. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí òun sì máa rí ọwọ́ mi. Mo sọ̀kalẹ̀ sínú òjò. Kọ́tìnnì náà wé mọ́ mi lọ́rùn, ó ń wọ́ tẹ̀ lé mi bí aṣọ oyè. Lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ti tò. Èyí tó wà lẹ́yìn wa gan-an jẹ́ ti Faransé, orí Fálànà sì ti yọ ní fèrèsé rẹ̀. Lábẹ́ agbòjò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Ọjọ́ Ajé dúró, ó gbé ìwé ìdánwò mọ́ àyà.

“Màdáámú, ta lọkùnrin yìí?”

Ìyá Bùnmi ò yíjú. Inú dígí ló ti ń wò mí, ohùn rẹ̀ sì tutù. “Ẹ bi í. Bó bá lè sọ ẹni tó ni ọkọ̀ tó wà nínú ẹ̀, ọkọ mi ni. Bí kò bá lè sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Kọ́púrà náà yíjú sí mi. “O gbọ́. Ọkọ̀ ta nìyí?”

Ẹnu tó sọ gbogbo nǹkan lórúkọ padé. Mo wo Fálànà, mo wo Ọjọ́ Ajé. Kọ́púrà fọwọ́ júwe ibì kan nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ní ibẹ̀ ni àwọn tí kò ní èsì ti máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí wọ́n á fi rántí. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ẹrẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo wo inú dígí, mo rí ojú Ìyá Bùnmi, omi ti fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Ojú ẹni tó ti retí mi láti ọjọ́ Sunday yẹn ni.

“Ọkọ̀ ìyàwó mi ni,” ni mo wí.

“Òjò ò jẹ́ kí n gbọ́.”

Mo pariwo rẹ̀. Gbogbo ìlà gbọ́. “Ọkọ̀ ìyàwó mi ni. Agolo mílíìkì ni, ìyàwó mi ló ni ín, èmi lọkọ rẹ̀.”

“Ọkọ mi ni,” ni Ìyá Bùnmi wí. “Ẹ jẹ́ kó wọlé, kí òjò má pa kọ́tìnnì mi.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkọ̀ Fálànà kú. Àwọn sójà tì í sínú koríko, òun náà gbé ìwé rẹ̀ sórí, ó sá wá bá wa. Iwájú ni Ìyá Bùnmi ní kó jókòó sí, ní àyè mi. Èmi padà sẹ́yìn. Ó jókòó, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

“Ìyá Bùnmi, nítorí náà, obìnrin tí wọ́n ń sọ yẹn...”

“Èmi ni.”

A wọlé lọ títí dé abẹ́ igi kajú. Ibẹ̀ ni Fálànà ti fọwọ́ kan ibi tí AC ti ń jáde. “Epo rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo máa ń gbàgbé pé ó ń mu epo.”

“Omi ò wọlé?”

“Ẹ wo ẹsẹ̀ yín.”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbẹ. Ó mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ náà ni Ọjọ́ Ajé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kí aago àkọ́kọ́ tó lù, àwọn ọmọ ti sọ mí ní Bàbá Kọ́tìnnì, ó sì mọ́ mi lára ju bí ti Ọjọ́ Ajé ṣe mọ́ ọn lọ. Mo ṣì pàdé ọ̀kan nínú wọn ní Ìbà láìpẹ́ yìí, òun náà ti bí ọmọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Kọ́tìnnì.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà ò ní àléébù. Nígbà tí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fọ́, a wá irú rẹ̀ títí ó fi sú wa, dígí ìpara Ìyá Bùnmi la fi lẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó gbé kọ́tìnnì, ó gbé Bùnmi lọ síléèwé, ó sì gbé Fálànà títí òun náà fi ta èyí tó ń wúkọ́, tó lọ ra ti Kòríà. Ó wá sọ fún mi pé ọkọ̀ àwọn tó gbọ́n ni. Mo ní mo gbọ́. Lónìí, àwọn ọ̀gá ńlá ń gbé e, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ kíkún-kíkún, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó pè é ní agolo. Ẹ má rán wọn létí.

Ohun tí mo kọ́ kò gùn. Ọdún mẹ́fà ni ìyàwó mi fi ru ẹrù lórí, ojú ò tì mí. Ọjọ́ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ojú wá ń tì mí. Bí mo bá ti rò ó dé ibẹ̀, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kì í sì í dùn títí dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Bùnmi ò tíì gbàgbé. Ọkọ̀ Kòríà rẹ̀ kẹta ló ń gbé báyìí, èyí tó ga, tó dúdú bí kóró iṣin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká mi mọ́ Ìyànà-Ìbà, mo pè é, ó wá gbé mi. Mo fi ọ̀rá bo orí, mo sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo fà á, ó ti tì í pa. Ó sọ dígí kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

“Ọkọ̀ ta ni?”

Àwọn kọ̀ǹdọ́ ń wò wá. “Ọkọ̀ ìyàwó mi ni.”

“Òjò ò jẹ́ kí n gbọ́.”