Iyọ̀ Màlúù Lórí Okùn Aṣọ

Ìyá kan tó ń ta oògùn ẹran jókòó sẹ́yìn káńtà rẹ̀ láàárọ̀, ó ń to ìgò oògùn aràn sórí pẹpẹ. Ọkùnrin onímàlúù kan já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Apá gáùn kan ṣoṣo ló dì mú.

ONÍMÀLÚÙ: Ìyá Olóògùn, òkúta iyọ̀ lílá tí ẹ tà fún mi fún màlúù ti fẹ́ tú mi nílé o!

OLÓÒGÙN: Ẹ káàárọ̀ náà, Bàbá Onímàlúù. Kí lẹ mú lọ́wọ́ yẹn?

ONÍMÀLÚÙ: Gáùn ìyàwó mi ni.

OLÓÒGÙN: Apá kan ni mo rí.

ONÍMÀLÚÙ: Mo mọ̀. Ìyókù wà nínú akọ màlúù.

(Ó tẹ́ apá gáùn náà sórí káńtà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ òkú.)

OLÓÒGÙN: Ṣebí nítorí aṣọ jíjẹ yìí lẹ ṣe ra iyọ̀ náà?

ONÍMÀLÚÙ: Nítorí ẹ̀ ni! Ẹ ní koríko oko mi ò ní gbogbo ohun tí ara màlúù ń fẹ́, pé ìyẹn ló fi ń jẹ egungun àti aṣọ kiri. Ẹ ní tó bá ti ń lá iyọ̀, á gbàgbé aṣọ. Ìyá, kò gbàgbé! Ṣe ni ìrántí ẹ̀ tún jí pépé!

OLÓÒGÙN: Ṣé ó ń lá a ṣá?

ONÍMÀLÚÙ: Bí ọmọdé tó rí súìtì.

OLÓÒGÙN: Ẹ̀yin náà ò lá a?

ONÍMÀLÚÙ: Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́ ni.

OLÓÒGÙN: Ìyàwó yín wá ńkọ́?

ONÍMÀLÚÙ: Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, nínú òun àti màlúù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúrò nílé.

OLÓÒGÙN: Kí lẹ wá sọ?

ONÍMÀLÚÙ: Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò.

OLÓÒGÙN: Háà! Bàbá!

ONÍMÀLÚÙ: Ẹ ò tíì rí akọ màlúù yẹn ni! Ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Alápatà tó bá ń kọjá lọ, ṣe ló máa ń dúró wò ó.

OLÓÒGÙN: Ìyàwó yín ńkọ́, ta ló ń dúró wo òun?

ONÍMÀLÚÙ: Màlúù náà ni, tí ìyàwó mi bá ti wọ aṣọ tuntun.

(Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Omijé gidi ni.)

ONÍMÀLÚÙ: Ìyá Olóògùn, ẹ gbà mí. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi lọ. Mi ò sì fẹ́ kí màlúù lọ.

OLÓÒGÙN: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Níbo lẹ gbé iyọ̀ náà sí?

ONÍMÀLÚÙ (ó na àyà): Ibẹ̀ ni mo ti lo ọpọlọ. Níbo ni ọlọ́pàá máa ń dúró?

OLÓÒGÙN: Ibi tí olè wà.

ONÍMÀLÚÙ: Ẹ ṣeun. Níbo ni olè tèmi ti ń jalè?

OLÓÒGÙN: Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

ONÍMÀLÚÙ: Lórí okùn tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí! Mo ti wáyà bọ ihò àárín òkúta náà, mo sì fi kọ́ sí àárín okùn, kí olè lè kọ́kọ́ rí ọlọ́pàá kó tó kan aṣọ.

(Ìyá Olóògùn gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

OLÓÒGÙN: Ṣé ìrì máa ń sẹ̀ nílé yín?

ONÍMÀLÚÙ: Ilé ta ni ìrì kì í sẹ̀ sí?

OLÓÒGÙN: Tí ìrì bá sẹ̀ sórí iyọ̀ ńkọ́?

ONÍMÀLÚÙ: Á yọ́. Á máa ṣàn gba ojú okùn lọ...

OLÓÒGÙN: Lọ síbo?

(Onímàlúù mú apá gáùn náà lórí káńtà, ó fi orí ahọ́n kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà.)

ONÍMÀLÚÙ: Iyọ̀ ẹ̀ ṣe wẹ́kú.

OLÓÒGÙN: Màlúù ò jalè o! Ẹ̀yin lẹ fi iyọ̀ sí gáùn, ẹ̀yin lẹ gbé e kalẹ̀ fún un. Ká ní ẹ fi ata díẹ̀ sí i ni, èmi náà á bù jẹ.

ONÍMÀLÚÙ: Mo gbé o!

OLÓÒGÙN: Ẹ ò tíì gbé. Ẹ gbé iyọ̀ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí màlúù ti ń mu omi, kí ẹ ṣe ìbòrí kékeré lé e. Ẹ tún àwọn aṣọ tó kù fọ̀, kí ẹ sì ní sùúrù; ara tó ti ń fẹ́ nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́ kì í yó lóòjọ́.

ONÍMÀLÚÙ: Ọlọ́run á bù kún yín! Mo tiẹ̀ ti tú u kúrò lórí okùn láàárọ̀ yìí. Ìyàwó mi ní òun máa jù ú sí kànga, mo bá fi í pa mọ́ síbi tí ọkàn ẹ̀ ò ní lọ.

OLÓÒGÙN: Síbo?

ONÍMÀLÚÙ: Sínú àpótí aṣọ ẹ̀. Ta ló máa wá iyọ̀ màlúù débẹ̀?

OLÓÒGÙN: Màlúù.

ONÍMÀLÚÙ: Rárá o, mo ti so màlúù náà síbi tí òjìji wà, lábẹ́ fèrèsé.

OLÓÒGÙN: Fèrèsé wo?

ONÍMÀLÚÙ: Ti yàrá... ti yàrá ìyàwó mi.

OLÓÒGÙN: Àpótí náà ńkọ́?

ONÍMÀLÚÙ: Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ló wà, nínú lọ́hùn-ún.

OLÓÒGÙN: Ó ṣí sílẹ̀?

ONÍMÀLÚÙ: Àpótí ni àbí fèrèsé?

OLÓÒGÙN: Èwo ló ṣí?

ONÍMÀLÚÙ: Méjèèjì.

(Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú rẹ̀, kò gbé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ̀ọ̀.)

ONÍMÀLÚÙ: Òun ni. Ó ti tán. Ìyàwó mi máa lọ lónìí!

(Ìyá Olóògùn ká apá gáùn náà dáadáa, ó fi lé e lọ́wọ́.)

OLÓÒGÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Kò lè lọ mọ́. Aṣọ wo ló fẹ́ wọ̀ jáde?